Ilé Tíì Tí Àwọn Àjèjì Dá Sílẹ̀: Ìtàn Angelina ní Paris

Bí àlejò bá dé Paris, tó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tó jẹ́ ti Faransé pọ́ńbélé, ó ṣòro kí ẹni tó ń mú un kiri má yà sí ojúlé 226 ní òpópónà Rivoli. Ibẹ̀ ni Angelina wà, ilé tíì àtijọ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1903, tó kọjú sí ọgbà Tuileries. Èrò a máa tò síwájú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tó lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nínú ilé, dígí ńláńlá wà lára ògiri, iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ wúrà yí wọn ká, àwọn tábìlì onímábù kéékèèké sì tò lọ bẹẹrẹ. Kò sí ohun tí ojú rí níbẹ̀ tí kì í pariwo pé ilẹ̀ Faransé lẹ wà.

Ìtàn ilé náà ń sọ nǹkan mìíràn. Ará Austria ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands ló ṣètò bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Paris ti kọ́ àṣà à ń mu tíì nírọ̀lẹ́. Ohun mímu tó sọ ibẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kì í tilẹ̀ ṣe tíì. Ṣokoléètì gbígbóná ni, kòkó ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ń sè é. Lójú tèmi, bí a bá ní kí olúkúlùkù àjèjì wá kó tirẹ̀ kúrò nínú Angelina, òrùlé àti ìwé owó-orí nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún àwọn Faransé.

Kì í ṣe pé tíì ṣàjèjì ní Paris kó tó di 1903. Àwọn oníṣòwò Netherlands ti ń kó o wọ̀lú láti ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, oògùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ kà á sí. Kádínà Mazarin, tó ń ṣàkóso ìjọba nígbà tí Ọba Louis Kẹrìnlá ṣì kéré, ń mu ún nítorí àrùn oríkèé tó ń dà á láàmú. Dókítà Guy Patin kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ní 1648 ó bu ẹnu àtẹ́ lu ewé náà gẹ́gẹ́ bí àṣà tuntun tí kò ní láárí. Owó tíì wọ́n, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ló mọ sí. Kọfí ló gba ìgboro. Ẹni tó sì jẹ́ kí jíjókòó nílé kọfí gbayì ní Paris ni Francesco Procopio dei Coltelli, ọmọ erékùṣù Sicily, tó ṣí Procope ní 1686. Àjèjì lòun náà.

Àwọn ọkùnrin ló ni ilé kọfí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń ta ayò, tí wọ́n ń jiyàn òṣèlú. Títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, obìnrin tó bá ka ara rẹ̀ sí ọmọlúàbí kò jẹ́ dá jókòó nírú ibẹ̀, nítorí ojú tí ayé yóò fi wò ó kò ní dáa. Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin olówó ti ń jáde sí ìgboro ju ti ìyá wọn lọ. Láti 1852 tí Aristide Boucicaut ti bá wọn dá sí òwò Le Bon Marché, tó sọ ọ́ di ilé ìtajà ràgàjì, obìnrin lè fi odindi ọ̀sán yẹ aṣọ àti ìborùn wò láìsí ẹni tó máa bi í pé kí ló ń wá. Bó bá wá rajà tán, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, níbo ni yóò fìdí lé?

Ìdílé Ladurée wà lára àwọn tó tètè rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Louis-Ernest Ladurée ti ṣí ilé búrẹ́dì sí ojúlé 16 ní rue Royale ní 1862. Iná jó ilé náà ní 1871, nígbà Commune, ìyẹn ọ̀tẹ̀ àwọn ará Paris sí ìjọba, tó jó ààfin Tuileries náà. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, ilé kéèkì ni wọ́n sọ ọ́ dà, ayàwòrán Jules Chéret ló sì kun àjà rẹ̀, tó fi áńgẹ́lì kékeré kan tó múra bí alásè síbẹ̀. Jeanne Souchard, ìyàwó Ernest Ladurée, tí bàbá rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú Rouen, ló mú àbá wá pé kí wọ́n da ilé kọfí pọ̀ mọ́ ilé kéèkì. Àrékérekè rere ni. Ta ni yóò bá ìyá ọlọ́mọ wí pé ó wọ ilé kéèkì? Kó mú ọmọ dání, kó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú; bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, kéèkì ni wọ́n wá jẹ. Irú ilé báyìí ni àwọn Faransé ń pè ní salon de thé. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú mi nìyí: tíì wulẹ̀ jẹ́ àwáwí ni, àga ni ohun tí àwọn obìnrin ń wá.

Antoine Rumpelmayer, oníkéèkì àti onísúìtì ọmọ Austria, gba ọ̀nà mìíràn dé ìdí òwò yìí. Àwọn aláìsàn ló tẹ̀ lé. Ní 1859 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, James Henry Bennet, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá fínra, lọ sí Menton létí òkun Mẹditaréníà, ó rò pé ibẹ̀ lòun máa kú sí. Kò kú. Ara rẹ̀ mókun, ó sì kọ̀wé yin oòrùn ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì olówó tí ikọ́ ń ṣe ti ń ya lọ síbẹ̀ nígbà òtútù. Nice di ti Faransé ní 1860, reluwé dé ibẹ̀ ní 1864, ó dé Menton ní 1869. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọlọ́lá tí ara wọn le koko náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, nítorí pé ẹni tí kò lọ ti ń dà bí ẹni tí kò lówó. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ lo àkókò kan ní Menton ní 1882, ó sì ń lọ sí Nice lọ́dọọdún láti 1895 sí 1899.

Ẹ wo irú ọjà tó wà níwájú ẹni tó mọ kéèkì í ṣe. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ará Rọ́ṣíà, ará Jámánì, tí wọ́n lówó, tí wọn ò níṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe, tí dókítà ní kí wọ́n máa jẹun dáadáa, tí agogo mẹ́rin sì ń bá lójoojúmọ́ láìsí ibi tí wọn yóò lọ. Rumpelmayer ṣílé fún wọn ní Nice àti Menton. Austria tó ti wá kì í fi ọ̀rọ̀ kéèkì ṣeré. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí ní àgbègbè Vienna nígbà náà ti kọ́ ọ ní ojúlówó. Orúkọ rẹ̀ ràn ká etíkun. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í gbé ojú kan: bí oòrùn bá ti ń mú jù létíkun, Paris ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ. Oníṣòwò tó gbọ́n kì í jókòó de oníbàárà tó ti wọ reluwé.

Ibi tó yàn sí ní Paris kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Àyíká Gẹ̀ẹ́sì ni apá ibẹ̀ yẹn ní òpópónà Rivoli. Ní ojúlé 224, ògiri sí ògiri pẹ̀lú rẹ̀, ni ilé ìtàwé Galignani wà láti 1856, tó ń ta ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé tó ti Ítálì wá ló dá a sílẹ̀. Ní apá kejì, ojúlé 228, hòtẹ́ẹ̀lì Meurice ló wà níbẹ̀, ibùwọ̀ àwọn àlejò tó ti òkè òkun wá láti ayébáyé. Lọ́dún 1903 yẹn gan-an ni W. H. Smith ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ìtàwé sí ojúlé 248, tòun ti yàrá tíì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Meurice, tó ra ìwé kan ní Galignani, á wulẹ̀ kọsẹ̀ ni, á sì bá ara rẹ̀ nínú ilé Rumpelmayer. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta náà tún ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nítorí òjò kì í pa ẹni tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn òpópónà náà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìjọba Napoléon ń pín ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé ní 1802, wọ́n fi òfin sí i: kò gbọdọ̀ sí oníṣẹ́ òòlù níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí alápatà, kò gbọdọ̀ sí oníbúrẹ́dì tàbí oníkéèkì, kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń lo ààrò. Ọba lọ́la náà kò fẹ́ òórùn èéfín níwájú ààfin Tuileries. Ọ̀rúndún kan lẹ́yìn náà, ààfin ti jó di eérú, wọ́n ti wó àwókù rẹ̀ palẹ̀, oníkéèkì ló sì wá di ẹni tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá sí òpópónà ọ̀hún.

Édouard-Jean Niermans ni Rumpelmayer gbé iṣẹ́ inú ilé fún. Enschede, ní Netherlands, ni wọ́n bí i sí ní 1859, kó tó wá di ọmọ Faransé. Ilé ijó àti ilé eré ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù: ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Casino de Paris àti Moulin Rouge, òun náà ló sì kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì Negresco tí wọ́n ṣí ní Nice ní 1913. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ìran ni wọ́n fi ilé tíì lé lọ́wọ́, ó sì hàn. Bí ẹ bá jókòó sí àárín ilé, ẹ ó rí i pé dígí kọjú sí dígí, tí ẹni tó wọlé láti ẹnu ọ̀nà fi ń fara hàn níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àwòrán ńlá tó wà lókè ògiri jẹ́ ti etíkun gúúsù, òkun búlúù àti igi tó lọ́lá. Rumpelmayer kó Menton wá sí Paris kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má baà ṣàárò.

Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà lára ilé náà. Angelina tó wá rọ́pò rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, René. Nílẹ̀ wa, orúkọ àkọ́bí la sábà ń kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ọmọ kì í sábà rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀. Mo rò pé ó bá òwò náà mu. Rumpelmayer ń wúwo lẹ́nu, àmọ́ orúkọ obìnrin lórí ilé tí obìnrin ń jókòó sí kò nílò àlàyé.

Àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Marcel Proust, òǹkọ̀wé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ ìṣe àwọn ọlọ́lá Paris, wà lára wọn. Coco Chanel náà wà níbẹ̀. Ilé ìránṣọ rẹ̀ wà ní ojúlé 31 ní rue Cambon, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ní tábìlì tó yàn láàyò, nítòsí dígí. Kò yà mí lẹ́nu: aránṣọ tó jókòó síwájú dígí ní ilé tí àwọn obìnrin ti ń ṣe fáàrí kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Oúnjẹ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Mont-Blanc, tó ń jẹ́ orúkọ òkè tó ga jù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ìsàlẹ̀ ni meringue, ìyẹn funfun ẹyin tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ ṣúgà títí tó fi wú, tí wọ́n wá fi iná jẹ́jẹ́ gbẹ nínú ààrò títí yóò fi le, tí yóò sì fúyẹ́. Àárín rẹ̀ ni ọ̀rá wàrà tí wọ́n lù tó rọ̀ bí òwú. Òkè rẹ̀ ni èso igi kan tí àwọn Faransé ń pè ní marron, tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ṣúgà, tí wọ́n wá tẹ̀ jáde nínú ihò tín-ín-rín kí ó lè máa wà ní fọ́nrán-fọ́nrán, tó ká mọ́ ara rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Bí fọ́ọ̀kì bá wọlé, nǹkan mẹ́ta lẹ ó gbọ́: ó rọ̀, ó tún rọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó dún ràkà nísàlẹ̀. Adùn rẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan kò yẹ kó dá a jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ṣokoléètì wọn ni olórí. L'Africain ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ará Áfíríkà. Nínú jọ́ọ̀gì tánganran kékeré ló máa ń wá, pẹ̀lú abọ́ ọ̀rá wàrà lílù lọ́tọ̀ àti ife omi tútù. Ẹ má rò ó mọ́ bònfítà. Ó ki débi pé bí ẹ bá tẹ jọ́ọ̀gì, kò ní tètè jáde. Yóò kọ́kọ́ ronú ná. Síbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mu ún. Ọ̀rá wàrà yẹn kò ní ṣúgà, òun ló ń fọwọ́ wọ́nú bí adùn bá ti fẹ́ máa pọ̀ jù, omi tútù sì ni ẹni tó bá mu ju ife kan lọ yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ikùn.

Kòkó fúnra rẹ̀, àjèjì ni nílẹ̀ Faransé. Sípéènì ni ṣokoléètì gbà wọlé, wọ́n sì sábà máa ń so ó mọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọba Sípéènì, Anne, pẹ̀lú Ọba Louis Kẹtàlá ní 1615. Àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì àti Pọtogí ló sọ ìlú Bayonne di ìlú oníṣokoléètì. Nígbà tí Rumpelmayer ṣílé sí òpópónà Rivoli, kòkó ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbójú lé, pẹ̀lú ti erékùṣù São Tomé. Ṣùgbọ́n irúgbìn ti wọ ọ̀dọ̀ wa. Tetteh Quarshie ti mú un láti erékùṣù Fernando Po lọ sí Gold Coast, Ghana òde òní, láàárín àwọn ọdún 1870 sí 1879. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Èkó, gbin tirẹ̀ sí oko Ìjọn nítòsí Agége. Davies yìí ló fẹ́ Àìná, Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria gbà bí ẹni tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti kéré tó: Ọbabìnrin tó lọ gbafẹ́ ní Menton àti Nice, níbi tí Rumpelmayer ti ń ta kéèkì, òun náà ló jẹ́ alágbàtọ́ ìyàwó ẹni tó wà lára àwọn àgbẹ̀ kòkó àkọ́kọ́ wa. Láti Agége ni kòkó ti ràn dé Ìbàdàn, Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀.

Lónìí, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ń pèsè ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ. Côte d'Ivoire ló ṣíwájú, Ghana tẹ̀ lé e. Angelina fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lára ibi tí kòkó L'Africain ti ń wá. Adùn tí àwọn oníbàárà ń yìn kì í sì ṣe láti inú jọ́ọ̀gì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tó la pọ́ọ̀dù, tó kó èso tútù náà jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó lè gbóná kó sì kan, tó wá ń yí i nínú oòrùn títí tó fi gbẹ, òun ló kọ́kọ́ ṣe ṣokoléètì. Kòkó tí wọn kò sé dáadáa, kò sí alásè Paris tó lè tún un ṣe. Lórúkọ, ó kéré tán, ilé náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń béèrè pé ará Áfíríkà wo ni.

Ogun Àgbáyé Kejì dé bá ilé náà ní tòsí gan-an. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Paris ní oṣù kẹfà 1940, Meurice tó fara ti Angelina ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó ọ̀gágun tó ń ṣàkóso ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀gágun Dietrich von Choltitz lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ 1944, lẹ́yìn ìjà tó gba gbogbo òpópónà àti ọgbà tó wà níwájú.

Kí ogun yẹn tó dé, nígbà tí iyì ìdílé Rumpelmayer ṣì ga, ẹ̀ka rẹ̀ dé òkè òkun. Ọ̀kan wà ní St James's Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ìwé Mrs Dalloway tí Virginia Woolf tẹ̀ jáde ní 1925, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ wá palẹ̀ ilé mọ́ fún àríyá. Òmíràn wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì St. Moritz ní New York, tó kọjú sí Central Park. Àwọn méjèèjì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó ọmọ ní Paris ṣì dúró.

Láti 2005 ni Groupe Bertrand ti ra Angelina. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni Brasserie Lipp, òun náà ló sì ń ṣàkóso Burger King nílẹ̀ Faransé, èyí tí àwọn onífáàrí Paris kì í fẹ́ kí a rán wọn létí. Bertrand ti gbé orúkọ náà wọ ààfin Versailles àti àwọn ilé ìtajà ńlá. Ó wà ní Japan pẹ̀lú. Àwọn ará Paris a máa kùn pé àwọn arìnrìn-àjò ti gba ibẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí èrò tó kún. Kó béèrè àga nínú yàrá iwájú tàbí àárín, níbi tí dígí àti àwòrán wà. Jọ́ọ̀gì kan tó ẹni méjì, bí agbáwo bá tilẹ̀ wò yín lójú. Bí ìlà bá sì gùn jù, wọ́n ń ta L'Africain nínú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé e kaná jẹ́jẹ́ nílé, ẹ máa rò ó, ẹ má jẹ́ kó hó.